Wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún jẹnẹrétọ̀, wọn ò ṣe é fún èèyàn

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, mo kàn máa ń kà á ni, màá bá àwọn tá a jọ ń kà á jiyàn, màá ká a pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wá gbé mi dìde lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ káńsù ni, ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo wa ń sọ pé òun ló sún mọ́ wa jù. Mi ò ní dárúkọ káńsù tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, mo kàn mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ ẹ̀, àwọn tó kù á máa na ìka sí i, bẹ́ẹ̀ ìwà kan náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ lọ. Láti kékeré ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un, kẹ̀kẹ́ onítáyà tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn ló fi ń rìn. Ó kàwé o, àkáńtì ló kà, ó gba HND, ó ṣe àgùnbánirọ̀, orí ẹ̀ sì pé ju tèmi lọ, ẹ bi ìyá wa. Wọ́n ní kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan tó ń kọ, ìyẹn ló gbé wa dé sẹkitéríàtì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni sẹkitéríàtì yẹn, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé wà lókè, kò sì sí ọ̀nà míì téèyàn lè gbà débẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ. Mo ka àtẹ̀gùn náà, 17 ni, mo kà á torí pé kò sí nǹkan míì tí mo lè ṣe lásìkò yẹn. Bàbá sẹ́kúríítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà ni, ó ṣèèyàn gan-an, ó ní "ọmọ mi, má bínú, jẹ́ n pe àwọn ọmọkùnrin méjì wá kí wọ́n gbé ẹ gòkè kíá." Àbúrò mi ní "ẹ ṣeun bàbá, àmọ́ wọn ò ní gbé mi o." Èmi fúnra mi kọ́kọ́ bínú sí i, mo ní kí ló dé tó ń ṣe báyìí, ká tètè ṣe ká máa lọ. Ó wò mí, ó ní "bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí ọkùnrin méjì tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí kọ́wọ́ bọ abẹ́ itan yín níwájú gbogbo èrò yìí, torí pé ẹ fẹ́ gba ìwé?" Ẹnu mi wọhò. Ẹni ọdún 31 ni, síkẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń tì í kiri.

Mo bá dá gòkè. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ní ẹni tó fẹ́ gbàwé gbọ́dọ̀ wá fúnra ẹ̀ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ rójú ẹ̀, kó sì tẹ̀ka. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú lójú fèrèsé, òun ló jókòó sábẹ́ igi yẹn. Ó yọjú lóòótọ́, ó tiẹ̀ jùwọ́ sí i, ó ní "hẹn, mo rí i, àmọ́ kó gòkè wá." Ẹ̀yin olóòtú, mi ò fi kún un o, bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kò sì mọ̀ pé nǹkan ẹ̀rín lòun sọ.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo rìn lọ sẹ́yìn ilé náà kí n lè mí díẹ̀ kí n sì pe ẹnì kan lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, sìmẹ́ńtì tó dáa, wọ́n dà á látilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin kan, wọ́n wá fi ìgbálẹ̀ fà á nílà nílà nígbà tó ṣì tutù kí táyà má bàa yọ̀ lórí ẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń lò ó fún, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń ti jẹnẹrétọ̀ gbà wọlé tílẹ̀ bá ṣú kí olè má bàa gbé e, pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀kadà náà máa ń gbà á gbé tiwọn wọlé tójò bá fẹ́ rọ̀.

Ó dùn mí ju àtẹ̀gùn yẹn lọ, mi ò ní tàn yín. Torí tí mo bá rí àtẹ̀gùn, mo lè sọ pé bóyá wọn ò mọ̀ ni, ilé àtijọ́ ni, àwọn tó kọ́ ọ ò ronú dé ibẹ̀. Àmọ́ wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń da sìmẹ́ńtì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá ní táyà kì í gun àtẹ̀gùn, wọ́n wá owó ẹ̀, wọ́n wá bíríkìlà, wọ́n sì ṣe é. Mi ò tiẹ̀ rò pé ìkà ni wọ́n. Ohun tí mo rò ni pé jẹnẹrétọ̀ wà láàárín wọn, ọ̀kadà wà láàárín wọn, àkàndá ò sí láàárín wọn. Ohun tó wà láàárín wọn ni wọ́n ṣe ọ̀nà fún. Ká ní èèyàn kan péré wà lókè yẹn tó ń fi kẹ̀kẹ́ onítáyà wá síbi iṣẹ́, ọ́fíìsì yẹn ì bá má wà lókè mọ́ látọjọ́ yìí. Ká tiẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò lè dé òkè, ṣé tábìlì ò lè sọ̀kalẹ̀ ni?

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí o. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ pé kí káńsù máa fi ojú kan náà wo gbogbo aráàlú, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ kí òṣìṣẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí èèyàn ni, kí wọ́n má máa jágbe. Ẹ̀rín dáa o, bàbá sẹ́kúríítì yẹn rẹ́rìn-ín sí wa dáadáa. Àmọ́ ẹni tí káńsù bá gbà síṣẹ́ ló máa sọ irú ẹni tí káńsù lè dá lóhùn. Ẹ ò lè kó èèyàn kan náà, ilé kan náà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà jọ sínú ọ́fíìsì kí ẹ wá retí pé wọ́n á mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹlòmíì lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fún yín ní òmíràn. Lọ́dún tó kọjá mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn káńsù fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá ẹ̀ ò ráyè lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Fúlàní kan ló wà níwájú mi, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbóná. Nọ́ọ̀sì gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ òyìnbó, obìnrin yẹn ò gbọ́ ìkankan nínú méjèèjì dáadáa, ọmọkùnrin kékeré kan tó tẹ̀ lé e wá, tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló ń ṣe ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó fún ọmọ náà ní ìdajì hóró òògùn láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Ọmọdé yẹn yíjú sí ìyá ẹ̀, ó sọ ọ́, ó wá na ìka kan sókè. Ìka kan, kì í ṣe ìdajì. Èmi rí i, nọ́ọ̀sì náà rí i, ọlọ́pọlọ pípé ni nọ́ọ̀sì yẹn, kíá ló fa bébà, ó ya oòrùn, ó ya òṣùpá, ó wá ya róbótó tó là sí méjì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó tún ṣẹ́ hóró òògùn kan níṣojú obìnrin náà. Obìnrin yẹn wá mi orí. Ọpẹ́ ni. Àmọ́ ká ní èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ká ní nọ́ọ̀sì náà ti rẹ̀, tí kò wo ìka ọmọdé ńkọ́?

Àwọn Fúlàní yẹn ti pẹ́ níbẹ̀ o, àwọn ọmọ wọn kan ti jáde níwèé mẹ́wàá, mo mọ méjì tó ní NCE. Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yẹn, bó ṣe káàdì ni kí wọ́n máa kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí fún àwọn Ẹ̀gùn láwọn ibòmíràn, àwọn Ìgbò tó kún ọjà, àwọn Ebira tó ń dáko. Wọ́n ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà, wọ́n ń sanwó páàkì, tí wọ́n bá dé káńsù, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn níbẹ̀.

Ká sì tó sọ pé àánú la ń bẹ̀, òfin wà nílẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 14, ìlà kẹrin, ó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an níbẹ̀, ó ní bí wọ́n á ṣe to ìjọba náà àti bí wọ́n á ṣe máa ṣiṣẹ́ wọn, kó fi hàn pé oríṣiríṣi èèyàn ló wà lágbègbè náà, kí gbogbo wọn lè mọ̀ ọ́n lára pé àwọn náà wà ńbẹ̀. Abala 42 náà ní kí wọ́n má fi ẹ̀yà, ìlú téèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú yà á sọ́tọ̀. Wọn ò dárúkọ àkàndá níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àlàfo ńlá nìyẹn, àmọ́ òfin míì wá dí i. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣòfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ mọ́, òfin ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Òfin yẹn fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 kí wọ́n fi tún ara wọn ṣe kí àkàndá lè rọ́nà wọlé. Ọdún 5 yẹn pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ó ní níbi tí èèyàn bá ti ń tò, kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá lóhùn. Ó ní iléeṣẹ́ ìjọba yòówù, bó bá ti lè ṣe é ṣe tó, kí àkàndá má dín ní ìdá 5 nínú 100 nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tó bá jẹ́ iléeṣẹ́, owó ìtanràn 1 mílíọ̀nù náírà, tó bá jẹ́ ẹnì kan, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ṣe tiwọn ṣáájú, láti ọdún 2011.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Káńsù tó bá ní òṣìṣẹ́ 400, ìdá 5 nínú 100, 20 nìyẹn. Mo rò ó lọ́jọ́ yẹn bá a ṣe jókòó sábẹ́ igi, mo ní ká ní mo bá ẹni 20 tó jẹ́ àkàndá nínú ọgbà yìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò tiẹ̀ ní kó jẹ́ 20, kó jẹ́ 5. Mo bi bàbá sẹ́kúríítì pé mélòó ni wọ́n ní, ó ronú títí, ó ní ọkùnrin kan wà tẹ́lẹ̀ tí ojú ẹ̀ ò ríran, tó máa ń gbé fóònù, àmọ́ ó ti fẹ̀yìn tì, látìgbà tó sì ti lọ, kò sẹ́ni tó dípò ẹ̀.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ sílọ́ọ̀tì ni, àyè iṣẹ́ tí wọ́n ń pín lábẹ́lẹ̀ fún àwọn aṣáájú, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ńlá, láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 lọ sókè, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà wọ́n, àmọ́ àwọn kékeré, láti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1 dé 6, mẹ́sẹ́ńjà, olùtọ́jú ọgbà, akọ̀wé kékeré, awakọ̀, káńsù ló ń gbà wọ́n fúnra ẹ̀. Ìgbà wo lẹ rí i lára nótíìsì bọ́ọ̀dù pé àyè iṣẹ́ wà? Èmi ò rí i rí. Ará àdúgbò kan ló máa kàn ṣàdédé dèrò ọ́fíìsì, wọ́n á ní aṣáájú wọ́ọ̀dù wa ló gba sílọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ọ̀kan, ó fún ọmọ ẹni tó ń bá a gbé àsíá ní ọ̀kan, ó ta ọ̀kan. (Títà ni mo sọ, ẹ má pa á rẹ́.) Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ pé a ò fẹ́ adití, a ò fẹ́ opó, a ò fẹ́ ọmọ Ìgbò. Wọn ò nílò láti sọ ọ́. Adití ò lè bá wọn jókòó ní mítíǹgì wọ́ọ̀dù, opó tó ní ọmọ mẹ́rin ò lè máa bá aṣáájú kiri lóru, ọmọ Ìgbò ò tiẹ̀ ní gbọ́ rárá títí ìwé á fi jáde. Sílọ́ọ̀tì máa ń yọ èèyàn láìdárúkọ ẹ̀, ibi tó ti burú ju èébú lọ nìyẹn, torí ẹni tí wọ́n bú ṣì lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ò yẹ kó jẹ́ ti àánú, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni kí wọ́n gbà. Ah, mo fara mọ́ ọn o, mo fara mọ́ ọn pátápátá! Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹ sọ ọ́ lórí rédíò, ẹ kà á ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣe ìdánwò nílé tí kò ní àtẹ̀gùn, ẹ wá wò ó bóyá àbúrò mi ò ní gba máàkì ju ọmọ ẹ̀gbọ́n aṣáájú lọ. Àwọn tó ń pariwo pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, àwọn gan-an ni wọn ò fẹ́ kí ìdánwò wáyé.

Ẹ jẹ́ n padà sábẹ́ igi yẹn torí ọ̀rọ̀ ò tíì tán níbẹ̀. Ó tó wákàtí méjì ààbọ̀ kí akọ̀wé yẹn tó sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe tiwa ló ń bọ̀ wá ṣe o, ó fẹ́ lọ jẹun ni, bàbá sẹ́kúríítì ló bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó ṣí rẹ́jísítà lórí bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò ẹnì kan, ó bi àbúrò mi pé agboolé wo. Àbúrò mi sọ àdúgbò wa. Ó ní rárá, agboolé, agboolé bàbá bàbá yín. Bàbá wa, ìpínlẹ̀ Yorùbá míì ló ti wá, ó ti débí kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, ibí ló ti fẹ́ ìyá wa, ibí ló sin ìyá tiẹ̀ sí, ibí lòun náà kú sí. Akọ̀wé náà pa rẹ́jísítà dé, ó ní "ẹ máa bínú o, ẹ lọ síbi tí bàbá yín ti wá, àwọn ló máa fún yín."

Ìyá wa ṣì wà láyé, ẹ máa wò ó pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó tó 40 ọdún tí ìyá wa ti ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà káńsù yẹn. Tí wọ́n bá wá gbowó, kò sẹ́ni tó ń bi í pé agboolé wo.

Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ sí èyí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà. Ó ní ọmọ onílẹ̀ fúnra ẹ̀ ò tíì ríṣẹ́, ẹ ní kí àlejò wá gbà á. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ebi ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò, ẹ̀rù tó ń bà á sì ní ìdí, torí ibi tí àwa náà bá ti jẹ́ onílé, a máa ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bi í pé àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ṣé àlejò ni wọ́n? Ó ní rárá, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Mo ní ìwọ tó o jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ṣé o gbọ́ kí wọ́n tó gbà wọ́n? Ó dákẹ́. Ṣé ẹ rí i, àlejò ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á, ọmọ aṣáájú ló gbaṣẹ́ ẹ̀.

Àti pé káńsù kì í ṣe ààfin. Ẹ jẹ́ kí oyè jẹ́ ti ọmọ oyè, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ẹbí jẹ́ ti ẹbí, kò sẹ́ni tó bá yín dù ú. Káńsù, owó gbogbo wa ló ń ná. Ìwé òfin kan náà, abala 15, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé níbikíbi nínú ẹ̀. Lọ́yà á ní èèyàn ò lè fi apá ibẹ̀ yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́, òótọ́ ni, lọ́yà kan ló sọ fún mi. Kò burú, àmọ́ ṣebí wọ́n búra lórí ìwé náà látòkè délẹ̀, ṣé ó ní ojú ìwé tí wọ́n fò?

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, mi ò ní jẹ́ kó gùn jù, ẹlòmíì á kọ tiẹ̀. Ẹ kàn wo orúkọ àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tó yí yín ká kẹ́ ẹ ka iye obìnrin tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja dájọ́ pé kí obìnrin gba ìdá 35 nínú 100 nínú àwọn ipò tí ìjọba àpapọ̀ bá ń yan èèyàn sí. Ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n bá wí, àmọ́ káńsù náà gbọ́ èdè yẹn, wọ́n kàn ń ṣe bíi pé wọn ò sí nílé ni.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nípa àwọn àkàndá yìí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ̀ẹ́ rí i tí alága bá pé ọdún kan lórí oyè, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á pe àwọn oníwèé ìròyìn (ẹ̀yin náà máa ń lọ), wọ́n á to kẹ̀kẹ́ onítáyà 10 tàbí 15 kalẹ̀, ike ṣì wà lára ẹ̀, wọ́n á fi àwòrán alága lé ẹ̀yìn àga ẹ̀, wọ́n á fún àwọn àkàndá, wọ́n á yàwòrán, ijó á bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi gba ọ̀kan rí. Àwòrán alága ìgbà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ títí di òní, ó ti ṣí díẹ̀ létí. Kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ló jókòó sí lábẹ́ igi lọ́jọ́ tí ò lè wọlé. Káńsù tó fún un ní kẹ̀kẹ́ ni káńsù tí kẹ̀kẹ́ ò lè wọ̀.

Àwọn àgbàlagbà náà wà ńbẹ̀. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá pè wọ́n pé kí wọ́n wá fojú hàn kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má bàa dúró, inú oòrùn ni wọ́n ń tò sí, ẹlòmíì á di ọ̀pá mú, ẹlòmíì á jókòó sórí bíríkì. Ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ sí ti àbúrò mi. Tí ẹ̀mí bá gùn, gbogbo wa la máa dé ọ̀dọ̀ àtẹ̀gùn yẹn lọ́jọ́ kan.

Wọ́n á ní owó ò sí. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó dájọ́ ní July 11, ọdún 2024, a gbà fún wọn, gómìnà ló ń di owó wọn mú, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Àmọ́ ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ pé owó káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà, ọwọ́ káńsù ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí tààrà, pé kí ẹnikẹ́ni má sì yan ìgbìmọ̀ alámòójútó lé káńsù lórí, àwọn aráàlú ni kó dìbò yan ẹni tó máa darí wọn. Ó ń falẹ̀ níbòmíì, mo mọ̀. Ẹ wò ó, ká tiẹ̀ gbàgbé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èló ni wọ́n ń ná láti gbé tábìlì kan àti rẹ́jísítà kan wá sísàlẹ̀? Èló ni bébà kan tí wọ́n á fi kọ ọ́ pé àyè iṣẹ́ wà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì?

Ohun tí mo fẹ́ kí káńsù ṣe ò pọ̀, ó jọ mọ́ bébà yẹn náà ni. Lọ́dọọdún kí wọ́n kọ ọ́ síta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí ará ọjà àti ará páàkì lè kà á: òṣìṣẹ́ mélòó la ní, obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀, àkàndá mélòó, wọ́ọ̀dù wo ni wọ́n ti wá, mélòó la gbà lọ́dún yìí, ọjọ́ wo la sọ ọ́ fún aráyé kí a tó gbà wọ́n. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni o, iye nìkan. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé káńsù tó bá ṣe é fún ọdún méjì péré, ojú á tì wọ́n dé ibi tí wọ́n á fi tún un ṣe, torí kò sí alága tó fẹ́ kí àwọn ìyá ọjà máa ka òdo sókè níwájú géètì òun.

Àbúrò mi ò rí ìwé yẹn gbà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A lọ síbi tí bàbá wa ti wá, ìrìn wákàtí mẹ́ta, káńsù tọ̀hún ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, kó lọ mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ báálé. Àtẹ̀gùn tiwọn ò pọ̀, 4 péré ni, àbúrò mi ní àwọn ti ibẹ̀ ṣe ọmọlúàbí díẹ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní tiẹ̀. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn èèyàn ṣe àkáńtì, wọ́n ń mú ìwé wọn wá bá a níbẹ̀, ó ní òun ò lọ káńsù kankan mọ́, kí n yé dààmú ara mi, kí n má sì kọ lẹ́tà kankan. Èmi ni mo ní màá kọ ọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, àwọn akọ̀ròyìn yín máa ń dé àwọn sẹkitéríàtì yìí nígbà ìfilọ́lẹ̀ àti ìgbà ìbò. Tí wọ́n bá tún débẹ̀, kí wọ́n tó wọlé lọ bá alága, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ rìn yí ẹ̀yìn ilé náà ká, kí wọ́n wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tì gba ibẹ̀.

Èmi ni ti yín,
òǹkàwé yín kan, ọmọ tí ò ní agboolé.